Awò Tí A Ń Ká Bí Ẹní: Ọ̀nà Tí Awò Tuntun Ń Gbà Wọ Inú Ojú

Ó ṣòro láti rí agbo ilé kan tí kò ní àgbàlagbà tí ó ti ráhùn rí pé ojú òun ń ṣe bàìbàì. Lákọ̀ọ́kọ́, á dà bí ẹni pé èéfín wà láàárín òun àti ohun tí ó ń wò. Nígbà tí ó bá pẹ́ díẹ̀, á dà bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ọ̀nà nínú kùrukùru ọyẹ́. Níkẹyìn, ìyá tàbí baba náà kì yóò mọ ọmọ bíbí inú rẹ̀ mọ́ àfi bí ọmọ náà bá fọhùn. Àìsàn tí ó sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn àgbà ni àwọn dókítà ń pè ní kataráàtì. Nígbà tí a ṣe ìwádìí nípa ojú káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007, lára àwọn tí wọ́n ti pé ẹni 40 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a rí i pé bí a bá kó 100 afọ́jú jọ, nǹkan bí 43 nínú wọn ni ó jẹ́ pé kataráàtì ni ó fọ́ ojú wọn. Èyí sì jẹ́ ìfọ́jú tí ó ní àtúnṣe. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ lo àyè wa yìí láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ìròyìn kì í sábà mẹ́nu kàn: àwọn irinṣẹ́ tí a fi ń gbé awò tuntun wọ inú ojú, àti bí àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe wọ́n ṣe ronú kí wọ́n tó rí wọn ṣe.

Lẹ́yìn ihò dúdú tí ó wà láàárín ojú, tí a ń pè ní ọmọlójú, awò kan wà níbẹ̀ tí a dá mọ́ ènìyàn. Ó fẹ̀ ní nǹkan bí mìlímítà 9 sí 10, ó nípọn ní nǹkan bí mìlímítà 4, ó sì mọ́ gaara bí omi àfàròpọn. Àpò tín-ínrín kan ni ó bò ó yíká. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó ìmọ́lẹ̀ jọ sójú kan ní ẹ̀yìn ojú, kí a lè ríran kedere. Nígbà tí ọjọ́ bá ń gorí ọjọ́, awò yìí a máa dì, a máa funfun, gẹ́gẹ́ bí funfun inú ẹyin adìẹ ṣe ń dì bí a bá sè é. Ẹyin tí a ti sè kò tún lè padà di tútù mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kò sí oògùn mímu tàbí ẹ̀kán oògùn tí a lè kán sí ojú tí yóò sọ awò tí ó ti dì di mímọ́. Yíyọ ni a ó yọ ọ́. Nígbà tí a bá sì yọ ọ́ tán, a ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni náà yóò kàn máa rí òjìji ènìyàn lásán ni, àfi bí ó bá wọ awò ojú tí ó nípọn bí ìdí ìgò.

Iṣẹ́ méjì ni èyí: kí ti àtijọ́ jáde, kí tuntun sì wọlé. Odindi ẹyinjú ènìyàn kò fẹ̀ ju nǹkan bí mìlímítà 24 lọ, omi ni ó sì kún inú rẹ̀. Awò tuntun tí à ń wí yìí, àárín rẹ̀ tí a ń gbà ríran fẹ̀ ní nǹkan bí mìlímítà 6, ó sì ní apá méjì tín-ínrín tí ó fi ń dúró nínú àpò ojú. Bí a bá wọn ọ́n láti ṣóńṣó apá kan dé ṣóńṣó èkejì, ó tó mìlímítà 12 sí 13. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn lónìí, ihò tí dókítà ń fi abẹ dá sí ẹ̀gbẹ́ ojú kò ju mìlímítà 2 àti díẹ̀ lọ. Báwo ni ohun tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣe ń gba ibi tí ó há tó bẹ́ẹ̀ kọjá? Ẹni tí ó bá ti gbé bẹ́ẹ̀dì onígi dé ẹnu ọ̀nà tóóró rí mọ ohun tí à ń wí. Bẹ́ẹ̀dì kò ní wọlé. Ṣùgbọ́n bí a bá ká ẹní, ọmọdé lè gbé e wọ yàrá, kí ó sì tẹ́ ẹ sílẹ̀.

Àwọn kan lè bèèrè pé kí ló dé tí a fi ń làkàkà kí ihò kéré. Ṣé bí dókítà bá la ojú gbòòrò, kò ní ríran ṣiṣẹ́ dáadáa ni? Ní tòótọ́, bí wọ́n ti ń ṣe é rí nìyẹn. Wọn a la ẹ̀gbẹ́ dígí iwájú ojú bí ìlàjì òṣùpá, ní mìlímítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn a sì fi òwú rán an. Ṣùgbọ́n ìgbà kan tilẹ̀ wà tí kò sí òwú tí ó tín-ín tó láti rán ojú. Ní àkókò náà, aláìsàn a dùbúlẹ̀ gbalaja fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, wọn a to àpò iyanrìn sí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ méjèèjì kí ó má baà yí ọrùn, nítorí ikọ́ lásán lè ti ohun inú ojú síta. Nígbà tí òwú sì wá dé, ó mú ìyọnu tirẹ̀ lọ́wọ́. Dígí iwájú ojú dà bí awọ ìlù tí a fà le yíká ẹnu igi: bí a bá fa ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, ohùn rẹ̀ yóò yí. Òwú tí ó fa ojú ní ẹ̀gbẹ́ kan ń yí bí dígí náà ṣe rí róbótó padà, aláìsàn a sì máa rí nǹkan bí ohun tí a fà tàbí tí a tẹ̀ wọ́. Ihò kékeré ni ó mú gbogbo èyí kúrò.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe rò pé ihò kékeré jẹ́ ohun tuntun. Bí ó bá jẹ́ kíkéré ihò nìkan ni à ń wá, ìbá ti tán láti ayé àtijọ́. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn ará Íńdíà ti mọ ọ̀nà kan, tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì ń lò ní Nàìjíríà, ní Málì àti ní ibòmíràn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà títí di àkókò tiwa yìí. Wọn a fi abẹ́rẹ́ gún ẹ̀gbẹ́ ojú, wọn a sì ti awò tí ó ti funfun náà títí yóò fi já bọ́ sí ìsàlẹ̀ inú ojú. Ihò abẹ́rẹ́ kéré ju ihò abẹ dókítà èyíkéyìí lọ. Ẹ̀sẹ̀kẹsẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ yóò wọlé, tí aláìsàn yóò ka ìka ọwọ́, tí ìdílé yóò yọ̀, tí a ó sì san owó. Ohun tí ó burú nínú rẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn ọ̀la. A kò yọ awò tí ó bàjẹ́ náà kúrò, inú ojú ni ó ṣì wà tí ó ń rìn kiri. Ojú lè wú, ó lè kẹ̀, omi inú rẹ̀ lè ru débi tí iṣan ìríran yóò fi kú. A kò sì fi awò kankan rọ́pò rẹ̀. Nínú ìwádìí tí a mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan, lára ojú tí a ti ṣe nǹkan sí nítorí kataráàtì, ó ju 40 lọ nínú 100 tí ó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ báyìí ni a fi tì í, èyí tí ó sì pọ̀ jù nínú àwọn ojú náà ni ó fọ́ nígbà tí a yẹ̀ wọ́n wò.

Kì í ṣe òmùgọ̀ ni àwọn tí ó lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn wọ̀nyí. Oníṣègùn náà wá bá wọn nílé, ó gba owó tí ó mọ níwọ̀n, ó sì gbọ́ èdè wọn. Ilé ìwòsàn lè jìnnà ní ìrìn ọjọ́ kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí abẹ́rẹ́ náà kásẹ̀ nílẹ̀ ní láti wá irinṣẹ́ tí ó dára jù ú lọ tí ó sì lè dé ibi tí ó dé. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn bí a ti ń bá ìtàn yìí lọ.

Ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1747, dókítà kan tí ń jẹ́ Jacques Daviel la ojú, ó sì fa awò tí ó ti dì jáde pátápátá dípò kí ó tì í sísàlẹ̀. Láti ìgbà náà ni yíyọ ti di iṣẹ́ àwọn dókítà. Rírọ́pò kò rí bẹ́ẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún méjì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó fi awò àtọwọ́dá sínú ojú ènìyàn kí ó sì dúró síbẹ̀, ẹni tí ó sì ṣe é jẹ́ ẹni tí ó mọ ilẹ̀ Áfíríkà dáadáa. Harold Ridley ni orúkọ rẹ̀, dókítà ojú ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sìn ní Gold Coast, èyí tí ó di Gánà ní ọdún 1957. Níbẹ̀ ni ó ti ṣe ìwádìí lórí àrùn afọ́jú etí odò tí eṣinṣin dúdú kéékèèké ń gbé kiri, ìwé tí ó kọ lórí rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1945.

Ogun yìí kan náà ni ó fún un ní ìmọ̀ tí a fi ń rántí rẹ̀. Àwọn awakọ̀ òfuurufú ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì máa ń jókòó lábẹ́ ìbòrí ike líle kan tí a ń pè ní Perspex. Bí ọta ìbọn bá fọ́ ìbòrí náà, ẹ̀rún rẹ̀ a máa fò wọ ojú wọn. Gbogbo dókítà ojú ni ó mọ̀ pé bí nǹkan àjèjì bá wọ inú ojú, ojú a máa bínú sí i, a máa wú, a sì máa pọ́n. Ṣùgbọ́n Ridley ṣàkíyèsí pé ẹ̀rún ike yìí wà nínú ojú àwọn ọmọ ogun náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, láìdá ìjà sílẹ̀. Ó ronú pé bí ojú bá lè gba ike náà ní àlejò, a lè fi ṣe awò. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1949, ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà lára obìnrin kan. Ní oṣù Kejì ọdún 1950 ni ó fi awò náà síbẹ̀ láìyọ ọ́ mọ́. Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ wọn takò ó gan-an. Àwọn kan sọ gbangba pé kò bójú mu kí oníṣẹ́ abẹ máa fi ohun àjèjì sínú ojú nígbà tí ó jẹ́ pé yíyọ ohun àjèjì kúrò ni a kọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí wọ́n tó gbà fún un. Ní ọdún 2000 ni wọ́n fi oyè dá a lọ́lá ní ilẹ̀ rẹ̀, nígbà tí ó ti lé ní ẹni 90 ọdún. Ṣùgbọ́n kí ó tó kú ní ọdún 2001, a ti fi irú awò kan náà sí ojú tirẹ̀ méjèèjì.

Awò Ridley tóbi, ó wúwo, ó sì le bí òkúta. Ihò tí a fi gbé e wọlé ní láti fẹ̀ ju awò náà lọ, òwú ni a sì fi rán an. Ike dára, ṣùgbọ́n kò ṣeé ká.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ fún ihò náà pọ̀ ni Charles Kelman, dókítà ojú ní New York. Ó ń wá ọ̀nà tí yóò gbà yọ awò tí ó ti dì láìla ojú gbòòrò. Lọ́jọ́ kan, ó jókòó sórí àga dókítà eléyín, ó sì rí irinṣẹ́ tí ọkùnrin náà fi ń họ ìdọ̀tí ara eyín. Ṣóńṣó irinṣẹ́ náà ń gbọ̀n púpọ̀púpọ̀, ó yára ju ohun tí etí lè gbọ́ lọ, ó ń fọ́ ohun líle láìpa ìdí eyín lára. Kelman mú èrò náà lọ sí inú ojú. Ní ọdún 1967, ó gbé ọ̀nà tuntun náà jáde: abẹ́rẹ́ oníhò kan tí ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 40,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. A ó fi sínú ojú láti ojú ihò mìlímítà 3, yóò fọ́ awò tí ó ti dì sí wẹ́wẹ́, yóò sì fà á jáde gba inú ihò ara rẹ̀, bí ìgbà tí a ń fi koríko oníhò fa ògì mu. Ohun tí ó fani mọ́ra jù nínú rẹ̀ lójú wa ni ẹ̀wù rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a wọ̀ fún abẹ́rẹ́ náà. Láàárín ẹ̀wù yìí àti abẹ́rẹ́ ni omi tútù ti ń ṣàn wọ inú ojú, kí ojú má baà rọ bí bọ́ọ̀lù tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tú, kí gbígbọ̀n abẹ́rẹ́ náà má sì jó ẹnu ihò, nítorí ohun tí ó bá ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ a máa gbóná.

Báyìí ni a ṣe dé ibi ohun ẹ̀rín kan. Dókítà yóò fi ọgbọ́n àti sùúrù yọ awò àtijọ́ gba ihò mìlímítà 3, nígbà tí ó bá sì ṣe tán, yóò tún gbé abẹ, yóò la ihò kan náà di mìlímítà 6 tàbí 7, nítorí pé awò ike tí ó fẹ́ fi síbẹ̀ kò ṣeé ká. Gbogbo wàhálà ti àkọ́kọ́ di asán. Ìgbà náà ni ó hàn gbangba pé kì í ṣe ọwọ́ dókítà ni ó ń pinnu bí ọgbẹ́ yóò ti tóbi tó. Ohun tí ó fẹ́ gbé wọlé àti irinṣẹ́ tí ó fi gbé e ni ó ń pinnu rẹ̀. Bí awò kò bá yí padà, ihò kò lè yí padà.

Ní nǹkan bí ọdún 1984, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Thomas Mazzocco, bẹ̀rẹ̀ sí fi awò tí a fi sílíkónì ṣe sínú ojú. Sílíkónì rọ̀ bí rọ́bà. A lè tẹ̀ ẹ́ sí méjì, yóò sì tún nà padà bí ó ti wà. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1990, oríṣi ike rírọ̀ mìíràn tún jáde. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀mú kékeré ni àwọn dókítà fi ń ká a: wọn a fi ẹ̀mú kan tẹ awò náà sí méjì bí ewé, wọn a fi òmíràn dì í mú, wọn a sì rọra tì í wọlé kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀mú ní ìpọn tirẹ̀. Awò tí a ká àti ẹnu ẹ̀mú méjì tí ó há a mọ́ra, gbogbo wọn ni ihò náà ní láti gbà. Ara òde ojú ni awò náà sì máa ń kàn kí ó tó wọlé, ibẹ̀ sì ni kòkòrò àìsàn ń gbé.

Irinṣẹ́ tí ó gba ipò ẹ̀mú jọ ṣìrínjì tí a fi ń gún abẹ́rẹ́. Ó ní túbù ike kan tí ìdí rẹ̀ fẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀pá kan wà tí ń ti ohun inú rẹ̀ síwájú. Ní ìdí túbù yìí, ike náà là sí ìyẹ́ méjì bí ìyẹ́ labalábá. Olùrànlọ́wọ́ dókítà yóò gbé awò náà lé àárín ìyẹ́ méjèèjì, yóò pa wọ́n dé, awò náà yóò sì ká fúnra rẹ̀ bí ẹní. Ṣùgbọ́n kí ó tó ṣe èyí, yóò ti tú omi yíyọ̀ kan tí ó ki sínú túbù náà, omi tí ń fà bí ọbẹ̀ ilá. Láìsí omi yìí, ìtìjú ni ó máa bá iṣẹ́ náà: awò yóò lẹ̀ mọ́ ara túbù, yóò ya tàbí kí túbù fúnra rẹ̀ bẹ́. Omi kan náà ni a ń fi kún iwájú inú ojú kí àyè lè wà, kí awò tuntun má sì fara kan ẹ̀yìn dígí iwájú ojú. Àwọn ẹyọ ara kéékèèké ni ó tẹ́ ibẹ̀ bí òkúta ilẹ̀ẹ́lẹ̀; èyí tí ó bá kú nínú wọn, òmíràn kì í hù dípò rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ wọn bá sì kú, dígí náà yóò ṣú.

Lẹ́yìn èyí ni dókítà yóò fi ẹnu túbù náà sí ihò, yóò sì máa ti ọ̀pá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Níbí ni àwọn tí ń ṣe irinṣẹ́ yìí ti gbé wàhálà wọn. Bí orí ọ̀pá bá le jù, yóò há awò náà ní ojú. Bí ó bá kéré jù, yóò gun orí awò náà dípò kí ó tì í. Apá awò tí ó wà lẹ́yìn lè há sí àárín ọ̀pá àti ògiri túbù, kí ó sì já. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ike rírọ̀ bo orí ọ̀pá nínú àwọn kan, tí wọ́n sì kun inú túbù ní ohun tí ń mú kí ó yọ̀. Nínú àwọn mìíràn, kì í ṣe títì ni a ń ti ọ̀pá náà bí kò ṣe pé a ń yí i bí ìdè ìgò, kí ó má baà fò síwájú lójijì. Ṣùgbọ́n èyí gba ọwọ́ méjì, ó sì lè wu dókítà kí ọwọ́ rẹ̀ kejì wà lófìfo láti di ojú mú. Irú èyí kò ní ojútùú kan ṣoṣo. Títí di òní, dókítà kan yóò yin èyí, èkejì yóò yin tọ̀hún.

Kódà òtútù yàrá iṣẹ́ abẹ ní ọ̀rọ̀ sọ. Oríṣi ike rírọ̀ kan wà tí ó jẹ́ pé bí yàrá bá tutù jù, yóò le, kò ní fẹ́ ká. Bí ó bá móoru díẹ̀, yóò rọ̀. Sílíkónì ní tirẹ̀ a máa yára nà bí ó bá ti bọ́ lẹ́nu túbù, bí okùn tí a dá sílẹ̀. Ike tuntun a máa rọra ṣí bí òdòdó, èyí sì fún dókítà láyè láti darí apá rẹ̀ méjèèjì wọ inú àpò. Nínú àwọn irinṣẹ́ kan tí ó dé kẹ́yìn, ilé iṣẹ́ ti fi awò sínú túbù kí ó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án títí yóò fi dé inú ojú. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ń lò ó, a ó sì sọ ọ́ nù.

Gbogbo èyí ni a fi dé orí ihò mìlímítà 2 àti díẹ̀ tí a kò fi òwú rán mọ́. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ kí a yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí abẹ́rẹ́ oníṣègùn abúlé tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ Kelman ń fẹ́ iná mànàmáná tí kì í ṣẹ́jú. Ó ń fẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tún ṣe, ó ń fẹ́ ẹ̀yà ara tuntun tí a ní láti rà láti òkè òkun, owó awò tí ó ṣeé ká sì ga ju ti èyí tí kò ṣeé ká lọ. Bí a bá ní ọ̀nà yìí nìkan ni ojúlówó, a ti sọ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn àgbà pé kí wọ́n máa jókòó nínú òkùnkùn títí iná yóò fi dúró. Àwa kò rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀, àwọn kan ní Éṣíà kò sì rò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ìlú Madurai ní gúúsù Íńdíà, dókítà kan tí ń jẹ́ Govindappa Venkataswamy dá ilé ìwòsàn ojú Aravind sílẹ̀ ní ọdún 1976 pẹ̀lú ibùsùn 11. Àìsàn oríkèé ara ti ká ìka ọwọ́ rẹ̀ kò. Irinṣẹ́ tí a ṣe ní pàtàkì láti bá ọwọ́ náà mu ni ó fi kọ́ iṣẹ́ abẹ ojú, ó sì fi ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní yà á lẹ́nu pé àwọn ènìyàn rẹ̀ kò gbà pé irinṣẹ́ jẹ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ gbà bí àwọn ẹlòmíràn bá ti ṣe é. Ní àkókò tí awò ojú ti òkè òkun ń náni ní nǹkan bí 100 dọ́là, wọ́n dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1992, Aurolab ni orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ń ta awò líle tiwọn ní nǹkan bí 10 dọ́là. Lẹ́yìn náà ó tún wálẹ̀ sí i. Ní Nepal, Sanduk Ruit àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí ilé ìwòsàn Tilganga ní ọdún 1994, àwọn náà sì ń ṣe awò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n awò líle kò ṣeé ká. Báwo ni wọ́n ṣe gbé e wọlé láìfi òwú rán ojú? Irú ihò tí wọ́n ń dá ni wọ́n yí padà. Dípò kí dókítà gún ojú tààrà, yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí funfun ojú, yóò sì fi abẹ pẹlẹbẹ kan tí ẹnu rẹ̀ rí bí oṣù tuntun la ọ̀nà kan sáàárín ìpele ara ojú, bí ẹni ń gbẹ́ ihò òkété, títí yóò fi yọ sí ẹ̀yìn dígí iwájú ojú. Ẹnu ọ̀nà yìí ní òde fẹ̀ ní mìlímítà 6 tàbí 7, inú rẹ̀ sì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí awò tí ó ti dì lè yọ jáde lódindi láìfọ́ ọ. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, omi inú ojú fúnra rẹ̀ ni yóò tẹ òrùlé ọ̀nà náà mọ́ ilẹ̀ rẹ̀, tí yóò sì tì í pa. Bí omi bá ṣe ń tì í tó ni ó ṣe ń dé tó. Òwú kò sí níbẹ̀.

Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe é rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jọni lójú. Síbí kékeré kan wà tí ó ní ihò lẹ́nu, omi ń ti inú rẹ̀ jáde bí a ti ń fi bu awò àtijọ́. Túbù onílé méjì kan tún wà: láti inú ìgò tí a so kọ́ sókè ni omi ti ń ṣàn wọ ojú gba ilé kan, dókítà a sì máa fi ṣìrínjì ọwọ́ fa ìdọ̀tí jáde gba èkejì. Kò sí ẹ̀rọ tí a tan níbẹ̀ àfi iná tí a fi ń ríran àti awò amúǹkan-tóbi tí dókítà ń wò. Ní Lahan ní Nepal, abẹ́rẹ́ lásán ni wọ́n tẹ ṣóńṣó rẹ̀ kọ́rọ́ bí ìwọ̀ ẹja tí wọ́n sì ń fi fa awò tí ó ti dì jáde.

Ṣé èyí kò wá jẹ́ iṣẹ́ aláìní lásán? A ti gbé ọ̀nà méjèèjì sórí òṣùwọ̀n. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2007, a pín 108 aláìsàn ní Nepal sí ọ̀nà méjì: Ruit fi ọ̀nà olówó pọ́ọ́kú ṣe ti ìdajì, dókítà ará Amẹ́ríkà kan tí ó mọ ẹ̀rọ Kelman dunjú sì fi ṣe ti ìdajì kejì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nínú ọ̀nà méjèèjì, 98 nínú 100 ni ó ríran dáadáa nígbà tí a fi awò ojú ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọ̀nà Ruit gba ìṣẹ́jú 9 fún ojú kan, ti ẹ̀rọ gba ìṣẹ́jú 15 àti ààbọ̀. Àwọn dókítà ojú ní orílẹ̀-èdè wa àti ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí wa ká ń lo ọ̀nà Éṣíà yìí, ní ilé ìwòsàn ńlá àti ní ibi tí wọ́n bá ti lọ ṣe iṣẹ́ ní ìgbèríko. Ihò rẹ̀ tóbi ju ti ẹ̀rọ lọ ní ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì tọ́ kí a sọ pé ẹ̀rọ ṣì ní àǹfààní tirẹ̀, nítorí dígí iwájú ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ yí nígbà tí ihò bá kéré, ọ̀pọ̀ sì ń ríran láìwọ awò ojú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí ọmọ rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, kì í ṣe ìyàtọ̀ mìlímítà mẹ́rin ni ó ń bá a jà.

Ó kù ohun tí ó kan ẹ̀yin tí ẹ ní àgbàlagbà nílé. Bí ẹ bá mú wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, ẹ bèèrè bóyá a ó fi awò tuntun sínú ojú náà, àti bóyá a ó kọ́kọ́ wọn ojú láti mọ agbára awò tí ó yẹ ẹ́, nítorí awò ojú ẹnìkan kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyá tàbí baba fi ọwọ́ ra ojú náà, ì báà ṣe pé ó ń yún un. A ti sọ pé omi inú ojú ni ó ń ti ihò náà pa. Ọwọ́ tí ó bá tẹ̀ ẹ́ kí ó tó jinná lè ṣí i, kòkòrò àìsàn á sì rí ọ̀nà wọlé. Kí wọ́n máa kán oògùn tí a fún wọn títí dé ọjọ́ tí a dá, kí wọ́n má gbé ẹrù wúwo, kí omi ọṣẹ má sì dé ibẹ̀. Bí ojú náà bá sì bẹ̀rẹ̀ sí dùn wọ́n, tí ó pọ́n, tí ìríran rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ dípò kí ó máa pọ̀ sí i, ẹ gbé wọn padà lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má dúró de ọjọ́ tí a kọ sínú káàdì.